Ó Fọwọ́ Sí Fèrèsé Tí Kò Lè Dá Ìjì Dúró

Ẹ̀yin ènìyàn mi, obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi. Ó jókòó síwájú mi ní Turin, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, kò sì bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì bomi là á." Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omijé kan kò bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín.

Ọdún 1988 ni Ṣèyífúnmi ti Ìkìrun dé Italy, ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní Padua. Ó kàwé jáde, ṣùgbọ́n kò ríṣẹ́ tó bá ìwé rẹ̀ mu. Ó fọ abọ́, ó tọ́jú arúgbó. Ìgbà tó yá ni obìnrin kan tó pàdé lẹ́ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ láago láti Turin pé ilé iṣẹ́ tí òun wà ń wá ẹni tó mọ̀ nípa gíláàsì.

Àrínọlá ni obìnrin náà. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án ju Ṣèyífúnmi lọ. Yàrá kan ṣoṣo ló ní ní San Salvario, ní àjà kẹrin ilé tí kò ní lífìtì.

"Máa bọ̀, Ṣèyí," ó ní. "Bẹ́ẹ̀dì mi gba èèyàn méjì tí wọn ò bá sanra."

Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Àrínọlá ló fi ọ̀nà Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fún àlejò níwèé ìgbélùú, hàn án, òun ló ra kóòtù òtútù fún un. Ṣèyífúnmi ní òun kò rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun rí, yàtọ̀ sí ìyá òun.

Nichelino ni ilé iṣẹ́ náà wà, lẹ́yìn Turin, ó sì ń ṣe fèrèsé. Kì í ṣe fèrèsé lásán. Ní 1992, ìjì ńlá kan jà ní Florida, ó wó ilé lọ bẹẹrẹ. Àwọn tó wá yẹ ilé wọ̀nyẹn wò rí i pé lọ́pọ̀ ibẹ̀, fèrèsé ló kọ́kọ́ fọ́. Atẹ́gùn á gba ibẹ̀ wọlé, á máa ti òrùlé láti inú, òrùlé á sì ṣí lọ. Ni ìjọba ibẹ̀ bá ṣòfin pé fèrèsé tí wọ́n bá máa lò létíkun gbọ́dọ̀ lè gba ìkọlù. Àwọn erékùṣù tó wà nítòsí náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú rẹ̀, ilé iṣẹ́ Nichelino sì rí ọjà tà.

Gíláàsì méjì ni wọ́n ń fi ike kan há láàárín, tí wọ́n á wá tì bọ inú ààrò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní autoclave, kí gbogbo rẹ̀ lè lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Iṣẹ́ Àrínọlá ni láti tẹ́ ike náà. Yàrá funfun kan ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á bo irun, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ sórí gíláàsì.

Iṣẹ́ Ṣèyífúnmi ni láti mọ̀ bóyá fèrèsé náà lè gba ìjì dúró. Ẹ̀rọ kan wà tó dà bí ìbọn àgbá, atẹ́gùn ló ń ti ohun inú rẹ̀ jáde. Wọ́n á ki pákó ìkọ́lé tó gùn ju èèyàn lọ bọ̀ ọ́, Ṣèyífúnmi á tẹ bọ́tìnnì, pákó á fò lọ gbá fèrèsé. Gíláàsì á fọ́, ìyẹn kò burú. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ike di gbogbo àfọ́kù mú, tí pákó kò sì ráyè wọ inú ilé. Ṣèyífúnmi á kọ èsì, á fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni àwọn tó ń ra fèrèsé ń gbára lé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, òjò rọ̀ ní gbogbo agbègbè Turin títí odò fi kún bo ọ̀nà. Omi wọ magazzino tí wọ́n ń kó ike sí. Kò pọ̀, kò ju kókósẹ̀ lọ, wọ́n sì gbá a jáde lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àrínọlá gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ wá sí tábìlì Ṣèyífúnmi ní mensa, yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun.

"Ṣèyí, ike yẹn ti mumi."

"Ṣé ẹ fojú rí i ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò fojú rí nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló sọ fún mi. Tí mo bá tẹ́ ẹ, kò dúró bó ṣe máa ń dúró."

"Ẹ ti sọ fún capo, ọ̀gá yàrá yín?"

"Mo sọ. Ó ní kí n máa tẹ́ ẹ lọ, pé ààrò á gbẹ ẹ́. Ìwọ lo mọ̀wé, ìwọ lo ń yin pákó. Tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, bá mi wò ó dáadáa."

"Màá wò ó, ma."

Ó sì wò ó. Ní àárín oṣù Kejìlá, wọ́n gbé fèrèsé mẹ́ta wá fún un lára àwọn tí wọ́n fi ike yẹn ṣe. Ó yin pákó lu àkọ́kọ́. Ike dúró, ṣùgbọ́n àfọ́kù gíláàsì fọ́n ká ilẹ̀ lódìkejì, níbi tó yẹ kó jẹ́ inú ilé. Ó yin èkejì. Àfọ́kù fò jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ike sì bọ́ kúrò lára férémù. Nígbà tó yin ẹ̀kẹta, pákó gba àárín kọjá, ó lọ dúró sára ògiri.

Ó ṣì dúró síbẹ̀, ó ń wo gíláàsì tó kún ilẹ̀, nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́, Ingegnere Rovasio, wọlé. Ọkùnrin náà kì í pariwo. Òun nìkan ló ń pe Ṣèyífúnmi ní dottoressa, ìyẹn ọ̀mọ̀wé obìnrin, nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Signorina lásán ni àwọn yòókù ń pè é.

"Dottoressa, mélòó ló yege?"

"Kò sí, Ingegnere."

Ọkùnrin náà fi bàtà gbá àfọ́kù kan sẹ́yìn. "Kọ̀ǹtẹ́nà ń kúrò ní Genoa lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Ike yẹn ti mumi. A ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe."

"Irú fèrèsé yìí ti yege rí, àbí kò yege?"

"Ó yege ní oṣù Kẹsàn-án, kí omi tó wọ magazzino."

"Ó dáa. Mẹ́ta lára ti oṣù Kẹsàn-án ṣì wà níbẹ̀. Yin pákó lu ìyẹn. Irú fèrèsé là ń dán wò, dottoressa, a kì í dán òjò wò."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Contratto rẹ wà lórí tábìlì mi. A tempo indeterminato. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i kí Kérésì tó dé."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́. Contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, tí Ṣèyífúnmi ní lọ́wọ́ máa parí ní ìparí oṣù yẹn gan-an. Tí contratto bá parí, permesso tó ń jẹ́ kó gbé Italy máa di ọ̀rọ̀ bíbẹ̀. A tempo indeterminato ni iṣẹ́ tí kò ní ìparí, iṣẹ́ tí wọ́n ti máa ń pè é ní dottoressa. Ọdún mẹ́fà ló fi wá a.

Ó jókòó sórí àpótí kan fún ìdajì wákàtí. Ó ní òun gbìyànjú láti ro àwọn tó máa gbé lẹ́yìn fèrèsé wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n òun kò rí ojú ẹnì kankan. Òkun tí òun kò dé rí ni, àwọn ènìyàn tí òun kò mọ̀.

Ó dìde, ó ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sí magazzino, ó kó mẹ́ta ti oṣù Kẹsàn-án wá. Ó yin pákó lù wọ́n. Gbogbo wọn dúró gbọnyin. Ó wá kọ nọ́ńbà àwọn fèrèsé oṣù Kejìlá sórí ìwé èsì wọn. Ó kọ "yege." Ó fọwọ́ sí i.

Ó de bírò, ó fi ìwé náà sínú fáìlì.

Lọ́jọ́ yẹn, òun àti Àrínọlá jọ wọ bọ́ọ̀sì padà sí San Salvario.

"Ṣé o wò ó?" ni Àrínọlá bi í.

"Mo wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Ó yege."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Àrínọlá mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. "Ọpẹ́ ni o. Ọwọ́ mi ló purọ́ fún mi nígbà náà."

Ṣèyífúnmi ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni ń gbọ́ rédíò láti yàrá kejì.

Contratto dé. Ó gba ilé tirẹ̀ ní Nichelino. Àrínọlá bá a rán kọ́tìnì, ó se ìrẹsì wá, ó tún bá a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àrínọlá náà ní ohun tó ń retí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Olúwatómisìn, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìlá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àrínọlá ti ń du ìwé tó máa fi mú un wá sí Italy láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Questura ní kó mú ìwé iṣẹ́ àti ìwé ilé wá, ó sì ti mú méjèèjì lọ. Ó ku kí wọ́n pè é.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1995, ìjì jà ní òkun Caribbean.

Ṣèyífúnmi rí i nínú ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó lọ lọ aṣọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Ingegnere Rovasio pè é sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ìwé tí wọ́n fi fax ránṣẹ́ wà lórí tábìlì, fótò mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní erékùṣù kékeré kan. Férémù ṣì wà lára ògiri. Ike ń fì nínú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Lórí ilẹ̀ yàrá, gíláàsì bo gbogbo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀?" ni Ṣèyífúnmi bèèrè.

"Obìnrin kan. Wọ́n ń pè é ní Miss Verna. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin."

"Ṣé ó kú?"

"Kò kú. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló lọ." Ọ̀gá náà gbé ìwé fax sókè, ó sì kà á bí ẹni ń ka iye ọjà. Ọkọ̀ ìjọba ti wá gbé gbogbo ará àdúgbò lọ síbi ààbò. Miss Verna ní òun ò lọ. Ó ní wọ́n ti fi ìwé ìdánwò hàn òun nígbà tí wọ́n ń fi fèrèsé náà sára ògiri, pé òun á jókòó sínú ilé òun.

Ṣèyífúnmi dúró. Ó ní òun ń dúró de ìgbà tí nǹkan máa dun òun. Kò sí ohun tó dun òun. Ẹsẹ̀ òun nìkan ló tutù.

"Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń bèèrè ibi tí àṣìṣe ti wá," ni ọ̀gá náà wí. "Ta ló ń tẹ́ ike?"

Ṣèyífúnmi ṣì ń wo fótò.

"Ẹni mẹ́ta ni. Àwọn méjì ti wà níbí láti ogún ọdún, sindacato, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wà lẹ́yìn wọn." Ọ̀gá náà kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé kan jáde tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ń ṣe ìdánwò ti rí Àrínọlá lẹ́ẹ̀mejì tó ń tẹ́ ike láìwọ ìbọ̀wọ́, pé ó kìlọ̀ fún un, pé kò gbọ́, àti pé ọ̀rá ọwọ́ ni kò jẹ́ kí ike lẹ̀.

"Irọ́ nìyí," ni Ṣèyífúnmi wí.

"Tí kì í bá ṣe èyí, ìwé ìdánwò ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Orúkọ tó wà lábẹ́ ìwé ìdánwò, dottoressa, kì í ṣe tèmi."

Ìbéèrè kan ni Ṣèyífúnmi bi í. "Ṣé Àrínọlá máa mọ̀ pé èmi ni?"

"Kò sídìí tó fi máa mọ̀."

Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Wọ́n lé Àrínọlá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́tà tí wọ́n fún un sọ pé ó kọ̀ láti tẹ̀lé òfin yàrá funfun, kò sọ ẹni tó jẹ́rìí sí i. Ó lọ sí Questura, wọ́n sì sọ fún un pé ìwé ọmọ rẹ̀ kò lè lọ síwájú mọ́ títí yóò fi ríṣẹ́ mìíràn tó dúró.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Díkónì Gbénró dìde lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó ń gba àwọn ènìyàn níyànjú nípa iṣẹ́ ṣíṣe. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀.

"Ìbọ̀wọ́ lásán!" ó ní. "Arábìnrin wa kan kọ̀ láti wọ ìbọ̀wọ́ lásán, ìyá arúgbó kan sì fọ́jú lókè òkun. Ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́ wa bí iṣẹ́!"

Àrínọlá jókòó ní ìlà kẹta, ó tẹ orí ba. Ṣèyífúnmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣí ojú ìwé Bíbélì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ka ohunkóhun nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí Àrínọlá rí ni ti kíkó ẹrù ní magazzino kan ní Bergamo, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣèyífúnmi sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin Porta Nuova, òun ló gbé báàgì rẹ̀ tó wúwo jù.

Wọ́n dúró lẹ́bàá ọkọ̀.

"Ṣèyí, ṣé ìwọ gbà pé mi ò wọ ìbọ̀wọ́?"

"Mi ò gbà á, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló wá lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa mi? Ta ni mo ṣẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, ma."

Àrínọlá fọwọ́ nu ojú ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan èjìká Ṣèyífúnmi. "Má jẹ́ kó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ jù. Ìwọ ṣáà di iṣẹ́ tìrẹ mú." Ó gun ọkọ̀. Ó ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi lọ.

Ṣèyífúnmi padà sílé. Ó jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró, ó fọ abọ́ tó fi jẹ ẹ́, ó nu sìǹkì. Lọ́jọ́ kejì ó lọ síbi iṣẹ́. Bí ọdún kan àti oṣù márùn-ún ṣe lọ nìyẹn. Ó ń yin pákó, ó ń kọ èsì. Wọ́n fi í ṣe olórí yàrá ìdánwò. Ní ọjọọjọ́ Sọ́ńdè, Àrínọlá máa ń tẹ̀ ẹ́ láago láti Bergamo, á bèèrè àlàáfíà rẹ̀, á bèèrè bóyá ó ń jẹun. Nígbà tó yá, Ṣèyífúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fóònù dún títí táá fi dákẹ́.

Mo bi í pé kí ni ó ń ṣe é ní gbogbo àkókò yẹn.

"Kò sí," ó dá mi lóhùn. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nísinsìnyí nìyẹn. Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Mò ń sùn dáadáa."

Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kò gba ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ gbọ́. Wọ́n pe ẹjọ́ ní Turin, adájọ́ sì yan perito kan, ọ̀gbẹ́ni àgbà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ gíláàsì wò, pé kó lọ sí Nichelino kó lọ wo gbogbo nǹkan níṣojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Oṣù Kẹta ọdún 1997 ni. Àrínọlá wá láti Bergamo, torí òun ni wọ́n sọ pé ó jẹ̀bi. Lọ́yà obìnrin kan láti sindacato bá a wá.

Nígbà tó rí Ṣèyífúnmi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ti rù," ó ní. "Fóònù rẹ bàjẹ́ ni?"

Òfin ni pé kí wọ́n tọ́jú gbogbo fèrèsé tí wọ́n bá fọwọ́ sí èsì ìdánwò rẹ̀. Perito ní kí wọ́n gbé mẹ́ta ti ìdánwò oṣù Kejìlá 1994 jáde. Ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka wá igun gíláàsì, nísàlẹ̀ pátápátá. Àmì kan máa ń wà níbẹ̀, tí ẹ̀rọ máa ń kọ sára gíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e. Ó kéré, bí èékánná ìka. Ṣèyífúnmi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ti kẹ̀kẹ́ lọ sí magazzino, kò sì rántí rẹ̀ láti ìgbà náà.

"Settembre 1994," ni perito kà sókè, ìyẹn oṣù Kẹsàn-án. Ó bọ́ sórí èkejì. "Settembre." Ó bọ́ sórí ẹ̀kẹta. "Settembre."

Ó dìde, ó na ìwé ìdánwò sókè. "Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yìí jẹ́ ti oṣù Kejìlá. Fèrèsé tí ẹ yin pákó lù kì í ṣe èyí tí ẹ kó lọ. Ta ló fọwọ́ sí i?"

Ingegnere Rovasio tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Dottoressa ló ń ṣe ìdánwò," ó ní. "Èmi kì í wọ yàrá yẹn."

Lọ́yà sindacato ti ń tú fáìlì ọwọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti ní láti kó gbogbo ìwé fún adájọ́, lẹ́tà nípa ìbọ̀wọ́ sì wà lára wọn. Ó gbé lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìdánwò. Ó wo orúkọ tó wà lábẹ́ ọ̀kan, ó wo ti èkejì. Ó kàn gbé méjèèjì lé Àrínọlá lọ́wọ́.

Àrínọlá wò wọ́n pẹ́. Ó gbọ́ Italian dáadáa, ó sì lè kà á. Ṣùgbọ́n ó na lẹ́tà náà sí Ṣèyífúnmi, ó sì bá a sọ Yorùbá níwájú gbogbo wọn.

"Ka èyí fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ṣèyífúnmi gbà á. Ó kà á. Ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, láìfo ọ̀rọ̀ kan: pé ó rí i lẹ́ẹ̀mejì, pé ó kìlọ̀ fún un, pé kò gbọ́. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó dé ibi orúkọ ara rẹ̀, ó ka ìyẹn náà.

"Ọjọ́ wo lo fọwọ́ sí i?"

"Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá."

"Ogúnjọ́ oṣù yẹn lo gbé báàgì mi dé Porta Nuova."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Mo bi ọ́ ta ni mo ṣẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ike yẹn ńkọ́? Ṣé ó mumi lóòótọ́?"

"Ó mumi. Òótọ́ lẹ sọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já kulẹ̀."

Àrínọlá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀nà hàn. Kò bú u, kò gbá a. Ó bá perito sọ̀rọ̀ ní Italian, pé òun ti parí tòun, ṣé òun lè máa lọ, torí ọkọ̀ Bergamo kan ń lọ láago mẹ́ta. Wọ́n ní kó máa lọ. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ìgbà yẹn ni Ṣèyífúnmi fẹ́ jókòó, kò sì rí àga.

Ẹjọ́ náà parí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Wọ́n dá Ingegnere Rovasio lẹ́bi, wọ́n dá Ṣèyífúnmi náà lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ tí kò ní lọ bí kò bá tún ṣẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Àrínọlá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúwatómisìn ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ní oṣù Kìíní 1997, oṣù méjì péré ṣáájú ọjọ́ perito. Ẹni tó bá ti pé ọjọ́ orí yẹn kì í ṣe ọmọdé mọ́ lójú Questura. Kò lè wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ṣèyífúnmi kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Miss Verna, ó sọ ohun tó ṣe gan-an. Kò rí èsì kankan.

Ó lọ sí Bergamo lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Àrínọlá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ṣèyífúnmi kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà.

"Dìde," ni Àrínọlá wí. "Ilẹ̀ yẹn tutù."

Ó fún un ní tíì. Wọ́n jókòó. Fótò Olúwatómisìn wà lórí fìríìjì, ó ti dàgbà, ó de gèlè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni màá fi èébú ṣe?" Àrínọlá po tíì rẹ̀. "Mi ò ní bú ọ. Mi ò sì ní sọ fún ọ pé ó ti tán, torí kò tíì tán. Ọmọ mi ń bèèrè lọ́wọ́ mi lórí fóònù pé kí ló dé tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n wí?"

"Kí ni mo lè ṣe?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èmi ṣì ni obìnrin tí kò wọ ìbọ̀wọ́. Adájọ́ ti kọ ìwé, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ìwé adájọ́ níbẹ̀. Lọ sọ fún wọn."

"Màá lọ."

"Lọ nígbà tí èrò bá pọ̀."

Ó lọ. Àjíǹde ni, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde, ó jáde, ó gba máìkì. Ó sọ ọ́ láti orí ike títí dé orí bọ́ọ̀sì, títí dé Porta Nuova. Ó ní, "Díkónì Gbénró, èmi ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà." Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Nígbà tó padà sí ìjókòó, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kó ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ó ní ìgbà yẹn ni nǹkan kọ́kọ́ dun òun. Kò dun òun púpọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tó ti kú tìpìrì bẹ̀rẹ̀ sí í jí.

Nísinsìnyí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Padua. Mo bi í kí ló fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kà á mú lọ nínú rẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá ń fọwọ́ sí ìwé níbi iṣẹ́ má retí pé ọkàn òun á dá òun lẹ́kun lọ́jọ́ náà. Ó ní tòun kò sọ nǹkan kan. Ó ní ẹni tó sọ ọ́ fún òun ní mensa, pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́, òun ló yẹ kí òun gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé a kì í fi orúkọ ènìyàn síta nínú irú ìtàn báyìí. Ṣèyífúnmi kọ́ ni orúkọ obìnrin yìí, Rovasio sì kọ́ ni orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fún Àrínọlá náà ní orúkọ mìíràn, Ṣèyífúnmi gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà," ó ní. "Orúkọ yẹn ló wà nínú lẹ́tà irọ́ tí mo fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kó wà nínú èyí náà."

Mo ní n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo kọ̀wé sí Bergamo. Èsì dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò ju ìlà méjì lọ.

"Ẹ kọ ọ́ ní kíkún, kí ẹ sì fi àmì sí i dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í pè. Àrínọlá Fọláyan ni mí."